Oṣù Tí Àbẹ̀ní Ń Bì Wàrà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí mo ṣe dé ìlú òyìnbó, ọkọ̀ òfuurufú ni mo máa ń ní mo wọ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì parí síbẹ̀. Ọ̀nà kọ́ ló ṣòro. Ohun tí mo bá níwájú ló tó ìtàn. Ọmọ Èsìẹ́ ni mí, Òmù-Àrán ni mo ti kàwé, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Ganmo. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n torí ẹ̀ fún mi ní físà. Nígbà tí mo ń kúrò nílé, n kò mọ̀ pé oyún ti wà nínú mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo rìnrìn àjò.

Gbogbo èèyàn ló ti sọ fún mi nípa òtútù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa ìdákẹ́jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, o ò lè kọjá lágbo ilé láìkí ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé rẹ̀, bí o bá dán an wò, wọ́n á ti pe ilé yín lórí fóònù kí o tó dé ìkòríta. Òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ sí ibùdókọ̀, èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ orúnkún díẹ̀ fún èyí tó dàgbà jù. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé e sí apá kejì. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé ibùdókọ̀, mo máa ń jókòó bí ère òkúta Èsìẹ́ ni, n kì í mira.

Níbi iṣẹ́, wọ́n ní orúkọ àwọn arúgbó gan-an ni kí n máa pè wọ́n. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Dórótì ni wọ́n ń pè é. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Èmi, tí ìyá mi bí, kí n dúró lé arúgbó lórí kí n ní, "Dórótì, ẹ dìde"? Mo bá ń pè é ní Màmá Dórótì. Ọ̀gá wa ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Nígbà tó yá, ìyá náà fúnra rẹ̀ sọ fún ọ̀gá pé ẹni tí kò bá fi Màmá ṣáájú, òun ò ní dá a lóhùn mọ́. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì fi yangàn lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Àbẹ̀ní jáde. Àbẹ̀ní ni oríkì tí ìyá mi sọ ọ́ láti Èsìẹ́ nígbà tí n kò tí ì lè jókòó dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara mi gbóná lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, oògùn lóríṣiríṣi ni wọ́n fún mi, omi ọmú mi sì gbẹ kó tó dé. Mo gbìyànjú títí. Ọmọ á fà á, á fà á, á wá gbójú sókè wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ wàrà inú agolo nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fi bí wọ́n ṣe ń pò ó hàn mí wàràwàrà, mo sì ń mi orí pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi fi ọmú tọ́ ọmọ mẹ́fà. Bó bá ti pè, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ọmú ńkọ́?" Bí mo bá ní kò tí ì wá, á gbàdúrà gígùn kan tó máa ń dà bí ìbáwí létí mi. N kò lè bínú sí i. Ojú ń ti èmi náà.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí a bí i ló bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wàrà díẹ̀ ló máa ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, èyí tí gbogbo ọmọ ń ṣe. Ó wá di pé bí fídà bá ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, ṣe ni yóò bì í, ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń bì sí aṣọ mi, ó ń bì sí aṣọ rẹ̀, ó ń bì sí kápẹ́ẹ̀tì onílé. Mò ń fọ aṣọ bí ẹni tó gba iṣẹ́ alágbàfọ̀. Mo pe ìyá mi.

"Tún fún un," ló wí. "Inú rẹ̀ ti ṣófo. Ọmọ kì í fi inú òfìfo sùn."

Mo tún fún un. Ó tún bì í. Á wá máa ké, mo rò pé ebi ni, n ó tún po òmíràn. Ìgbẹ́ rẹ̀ le koko bíi ti ewúrẹ́. Ọrùn rẹ̀ tó ti ń sanra bẹ̀rẹ̀ sí í tínínrín.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án. Òun ni mo fẹ́ gbé Àbẹ̀ní fún bí ìsinmi ìbímọ mi bá parí, torí bí n kò bá padà sẹ́nu iṣẹ́, físà mi wà nínú ewu. A ní ká fi ọjọ́ díẹ̀ dán an wò. Lọ́jọ́ kejì ló dá a padà. Ó rọra sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó dùn ún, pé òun ò lè gba ọmọ tó ń bì tó báyìí, torí àwọn ọmọ mìíràn wà lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ yẹn ni ìyá mi sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀. "Gbé e wá fún mi. Wàrà òyìnbó yẹn ò bá a lára mu. Ìwọ fúnra rẹ ò rí ẹni ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo ti tún yàrá ṣe, mo ti so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn."

Ọkọ mi pè ní ìrọ̀lẹ́. Ìwé tirẹ̀ kò tí ì jáde, kò sì mọ ìgbà tí yóò jáde. "Ìyá Àbẹ̀ní, jẹ́ ká gbé e lọ sílé," ló wí. "Kí ara rẹ lè balẹ̀. Èmi náà á máa ti Ganmo lọ wò ó lópin ọ̀sẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ọkùnrin, àmọ́ mo gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe wọlẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn.

Ẹni tí yóò gbé e lọ náà ti wà. Ìyá Ìjàrà là ń pè é, ọmọ Ìjàrà-Ìsin, ó ti lé ní ogún ọdún níbí. Òun nìkan ni mo lè bá sọ èdè Ìgbómìnà láìrò ó kí n tó sọ ọ́. Ó ń lọ sílé ní ọjọ́ méjìlá sí i. Pásípọ́ọ̀tù Àbẹ̀ní ti jáde. Mo di báàgì rẹ̀, mo kó aṣọ rẹ̀ sí i. Bí mo bá dì í tán, n ó tú u jáde, n ó tún un dì.

Mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Ọmọ tí ìyá àgbà ń tọ́ kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ wọn sì yege. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọdébìnrin kan rí ní Òmù-Àrán tí ìyá rẹ̀ dé láti òkè òkun. Gbogbo ilé ń hó yèè. Ọmọ náà kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, àǹtí," ó sì sá padà lọ síbi ìró ìyá àgbà. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, torí mi ò tí ì bímọ.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń ṣàbẹ̀wò sí ilé àwọn tó ní ọmọ ọwọ́. Ó ti wá lẹ́ẹ̀kan kí èébì náà tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé kò sí wàhálà kankan, torí mo rò pé ṣe ni wọ́n wá ń wò mí bóyá mo mọ ọmọ tọ́. Mo wá fúnra mi pè é. Mo sunkún lórí fóònù náà kí n tó parí orúkọ mi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dé.

Kò gbé ọmọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó jókòó, ó ń bi mí léèrè. Ṣé èébì náà máa ń ní àwọ̀ ewé? Mo ní rárá. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀? Rárá. Ṣé ó máa ń ta jáde jìnnà bí omi ẹnu rọ́bà lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan? Mo ní ṣe ló máa ń dà sílẹ̀, kì í ta. Ìlédìí mélòó ló ń tọ̀ sí lójúmọ́? Mo kà á fún un. Ó ní ó kéré díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti jìn wọnú, ó wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná.

"Bí ẹ bá rí àwọ̀ ewé tàbí ẹ̀jẹ̀," ló wí, "tó bá ń ta jáde, tí kò bá tọ̀, tó bá rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè jí jẹun, ẹ má dúró dè mí. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ tààrà. Ó yá, ẹ po oúnjẹ rẹ̀ lójú mi."

Mo dìde pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀. Ibi tó dá mi lójú rèé. Mo fọ ọwọ́, mo gbé fídà tí mo ti sè nínú omi gbígbóná, mo ṣí agolo. Mo ti ṣíbí rẹ̀ bọ inú ìyẹ̀fun wàrà náà, mo gbé e sókè, ó kún, ó gun orí ṣóńṣó. Mo dà á sínú fídà. Mo bu èkejì, ìkẹta, ìkẹrin, gbogbo wọn gun orí. Mo wá bu díẹ̀ sí i lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni mo bu omi sí i títí dé ojú ìlà.

"Ẹ dúró," ni nọ́ọ̀sì wí. "Èyí tó kẹ́yìn yẹn, kí ni?"

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ pe èènì ní èdè òyìnbó.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́, ìyá mi ń fi í yan gààrí, iwájú ilé wa ni wọ́n ti ń rà á. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń wọn kóńgò. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ni pé kí n bù ú kó kún, kí n fọwọ́ méjèèjì gbá a jọ sókè títí á fi ní orí, kí n dà á sínú àpò oníbàárà, kí n wá fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo fi ọwọ́ rẹ́ kóńgò lórí, torí oníbàárà náà ti bú mi. Ìyá mi pè é padà lójú títì, ó wọn òmíràn fún un, ó sì bá mi wí kíkankíkan. Ó ní ilé wa kì í rẹ́ òṣùwọ̀n.

Àwòrán wà lára agolo wàrà náà, mo sì ti rí i. Ọ̀bẹ ni wọ́n yà tó ń rẹ́ ṣíbí lórí. Kì í ṣe pé n kò lóye rẹ̀. Ohun tí mo sọ lọ́kàn ara mi ni pé ahun ni wọ́n, ọmọ tèmi ò ní jẹ pẹrẹsẹ. Oògùn àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, ìgbà mẹ́wàá ni mo máa ń kà á kí n tó fún wọn. Oúnjẹ ọmọ ni mo ṣe bí ẹni ń wọn gààrí. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìyẹn. Wọ́n yẹ gbogbo ẹrù mi wò ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n gba ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ mi, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí ohun tí ọwọ́ mi ti kọ́ nílé.

Nọ́ọ̀sì náà kò jágbe mọ́ mi. Ó da wàrà náà nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ fídà, ó wí, kí n lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ṣíbí kan, rẹ́ ẹ lórí, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fi etí pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu agolo náà rẹ́ ẹ. Èmi rò pé ibi tí wọ́n ń nu ṣíbí sí ni.

"Wàrà tó ki jù ni ẹ ń fún un," ló wí. "Omi inú rẹ̀ ò tó. Ikùn rẹ̀ ò lè gbà á, ó ń dá a padà. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń ké, ẹ rò pé ebi ni, ẹ tún fún un ní èyí tó ki. Bó bá pẹ́, ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ó dára tí ẹ pè mí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Èmi ni mo ń ṣe ọmọ mi báyìí, pẹ̀lú ìwà ọ̀làwọ́. Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó wá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní kí n máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, kí n máa dá a dúró láàárín kó lè gùfẹ̀. Kí n gbé ìdí fídà sókè dáadáa kí wàrà lè kún orí ọmú rẹ̀, kó má bàa máa gbé afẹ́fẹ́ mì. Bó bá bì, kí n má rọ òmíràn lé e lórí, kí n dúró kó fúnra rẹ̀ fi hàn pé òun ń fẹ́. Bó bá sì jẹun tán, kí n gbé e nàró lé èjìká fún bí ìdajì wákàtí, kí n má fi í lélẹ̀, kí n má sì jù ú sókè.

Ìdajì wákàtí! Ohun tí mò ń ṣe fún Màmá Dórótì lójoojúmọ́ nìyẹn. Bó bá jẹun tán, a kì í jẹ́ kó sùn sílẹ̀, a máa ń gbé e jókòó kí oúnjẹ má bàa padà wá. Mo mọ̀ ọ́n fún arúgbó ẹlòmíràn, n kò ronú kàn án fún ọmọ tí mo bí.

Ó gbé Àbẹ̀ní sórí sìkéèlì. Ó ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni dókítà wò ó, ó tẹ inú rẹ̀, ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó ní òun kò rí àìsàn mìíràn. Kí n po wàrà bó ṣe yẹ, kí n gbé e padà wá lọ́jọ́ kẹsàn-án. Mo ka ọjọ́ náà lórí ìka. Bí mo bá kà á tán, ọjọ́ méjì péré ló máa kù kí Ìyá Ìjàrà gbéra.

Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣòro. Bí mo bá ń rẹ́ ṣíbí náà lórí, mo máa ń fẹ́ tún bu díẹ̀ sí i. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń jí oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, èébì náà dín kù. Ní ọjọ́ kẹrin, ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó wọ aṣọ kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, aṣọ kan ṣoṣo, ó sì gbẹ! Mo ya fọ́tò aṣọ náà ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Ó bi mí pé kí ni òun ń wò. Mo ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Wàrà díẹ̀ ṣì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn á máa lọ bó ṣe ń dàgbà, kí n má tìtorí rẹ̀ pa ara mi.

Mo pe ìyá mi, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ṣíbí tó gun orí, ó ní kí n tún un sọ. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Yéè! Ṣé o fi èènì sí i?"

"Mo fi sí i, Mààmi."

"Háà, èmi ni mo kọ́ ẹ." Ẹ̀rín náà wá kúrò lóhùn rẹ̀. "Olúwa ni ò jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣe ọmọ ọmọ mi. Àmọ́ o ṣì máa gbé e wá, àbí? Mo ti sọ fún gbogbo ìyá ìjọ. Nẹ́ẹ̀tì ti wà lókè."

Ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé rárá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí sìkéèlì máa wí, ma."

Sìkéèlì sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ti wúwo sí i. Nọ́ọ̀sì fi hàn mí nínú ìwé rẹ̀ bí ìlà tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ṣe yíjú sókè. Mo gba ilé obìnrin tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ lọ láti ibẹ̀, n kò tilẹ̀ ya ilé. Mo fi ìwé náà hàn án, mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń po wàrà. Ó gbé Àbẹ̀ní mọ́ra, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Mo pe ọkọ mi lójú ọ̀nà. Ó kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wá rọra bi mí pé, "Ta ló máa sọ fún Mààmi?"

Àárọ̀ Sátidé, Ìyá Ìjàrà kan ilẹ̀kùn. Ó ti wọ aṣọ ìrìn àjò, ó sì ti so ọ̀já mọ́ ẹ̀gbẹ́ báàgì rẹ̀, ọ̀já tí yóò fi pọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má bínú. Kò lọ mọ́."

Ó wò mí. Ó wo Àbẹ̀ní tó nàró ní èjìká mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gùfẹ̀. Ó wá fi gbogbo ara jókòó sórí àga.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa," ló wí. "Ọjọ́ méjìlá rèé tí mi ò rí oorun sùn. Mò ń rò ó pé bí ọmọ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì lójú òfuurufú, níbo ni mo fẹ́ gbé e sá sí? Mi ò lè sọ fún ẹ ni." Ó nu ojú rẹ̀. "Àmọ́ èmi kọ́ ló máa jíṣẹ́ yìí fún ìyá rẹ o. Ìwọ ni kó o pè é."

Nígbà tí ó lọ tán, tí ìdajì wákàtí sì ti pé, mo pọn ọmọ mi. Mo so ọ̀já rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má bàa fún un níkùn. Kí n tó mú fóònù, ìyá mi ti pè.

"Ṣé Ìyá Ìjàrà ti gbéra?"

"Ó ti gbéra, Mààmi."

"Ó mà ti dára o. Ọmọ ò sunkún nígbà tó gbà á?"

"Ọmọ wà lẹ́yìn mi, Mààmi."

Mò ń gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń ké lẹ́yìnkùlé wa ní Èsìẹ́, mò ń gbọ́ ẹnì kan tó ń gbálẹ̀. Mo dúró de ìbáwí. Mo ti múra láti gbà á.

"Gbé fóònù yẹn sún mọ́ ọn," ló wí.

Mo nawọ́ gbé e sẹ́yìn, mo dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Àbẹ̀ní ti sùn, ó ń mí jẹ́jẹ́, imú rẹ̀ ń dún díẹ̀. Apá ń ro mí, àmọ́ n kò gbé e kúrò. Nígbà tí mo gbé fóònù padà sí etí, ìyá mi ń sunkún, kò sì fi pa mọ́.

"Mo ti gbọ́ ọ," ló wí. "Má sọ̀ ọ́ kalẹ̀."